Bí A Ṣe Ń Tú Ẹsẹ̀ Edé Sórí Páálí Kí Iye Rẹ̀ Lè Pé

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹranko ní Yábàá àti agbègbè rẹ̀ ló lè ka orúkọ gbogbo ẹsẹ̀ edé lórí láì wo ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé edé tútù síwájú wọn, kí ẹ ní kí wọ́n tú u kí wọ́n sì tò ó sórí páálí, iye rẹ̀ kì í pé. Ẹlòmíì á rí 13, ẹlòmíì á rí 16, ẹlòmíì á sì gbé 21 wá nítorí pé ó ti ka ojú àti ètè mọ́ ọn. Iye tó yẹ kó wà ni 19 lápá ọ̀tún àti 19 lápá òsì, torí pé a ka irùngbọ̀n, ẹ̀yà ẹnu àti ti ìrù mọ́ ẹsẹ̀. Ibi tó sì ti máa ń dín kù kò ṣòroó mọ̀: ẹnu ni. Mẹ́fà nínú 19 yẹn ló kóra jọ sẹ́nu, ọ̀kan gun orí èkejì, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì fẹ́lẹ́ bí èèpo inú àlùbọ́sà.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé iwájú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, láti iwájú ni ìwé ti ń kà wọ́n: 1 ni ti imú, 19 ni ti ìrù. Bí wọ́n ṣe ń kà á kọ́ ni wọ́n ṣe ń tú u. Lẹ́nu edé, èyí tó wà lẹ́yìn ló ń bo èyí tó wà níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà láti ìrù ni kí ẹ ti máa bọ̀, ìdí ẹsẹ̀ ni kí ẹ sì máa dì mú, ẹ má ṣe fa ṣóńṣó rẹ̀. Ẹni tó bá pa àṣẹ méjì yìí mọ́ ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tí ẹ máa nílò

Edé náà ló ṣòroó rí jù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.

Ẹ ra mẹ́ta: ọ̀kan láti tú, ọ̀kan láti fi rọ́pò rẹ̀ tó bá bàjẹ́, ọ̀kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn rárá, tí ẹ óò máa wò kí ẹ lè mọ bí nǹkan ṣe wà kí ẹ tó yọ ọ́. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ọwọ́ yín, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ẹ lọ sọ́jà ní kùtùkùtù. Lápá Mainland, Òyìngbò dára, àwọn ìyá Ègùn àti Ìlàjẹ tó ń gba ẹja lẹ́bàá omi ní Mákòkó náà sì máa ń ní in. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó lè lọ sí ọjà Sandgrouse ní Lafiaji. Ẹ sọ fún ẹlẹ́dé pé: "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣa èyí tí orí rẹ̀ kò mì, ẹ má gé irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ má bó o." Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ lọ fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹlẹ́dé a máa gé irùngbọ̀n àti idà orí (ṣóńṣó líle tó yọ síwájú lórí edé) kúrò láti ṣojú rere sí oníbàárà, tó bá sì ti gé e, nọ́ńbà 2 yín, ìyẹn irùngbọ̀n gígùn, ti lọ nìyẹn.

Ẹ di ìrù edé mú kí ẹ mì ín díẹ̀. Orí tó bá ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún ti ń rà. Ẹ wo oríkèé ẹsẹ̀ àti abẹ́ orí: bí dúdú bá ti ń wọ ibẹ̀, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ lè jẹ ẹ́, àmọ́ kò ṣeé tú, torí pé ohun tó ń lọ oúnjẹ nínú orí edé ló kọ́kọ́ ń jẹ orí náà láti inú lẹ́yìn tó bá kú, ẹ̀yà ẹnu ló sì sún mọ́ ọn jù. Ẹ fi yìnyín sí i títí ẹ ó fi délé. Èyí tí wọ́n ti bọ̀ kò dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń kán láti oríkèé.

Ẹ má ra edé gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní *crayfish* lọ́jà. Edé kéékèèké tí wọ́n yan ni. *Crayfish* tí àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹranko omi aládùn tó ní ẹ̀mú ńlá méjì níwájú. Iye ẹ̀yà rẹ̀ àti ti edé dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ẹ̀mú ńlá yẹn lára edé Òyìngbò yóò wá a tì.

Àwọn nǹkan tó kù:

- ẹ̀mú irin kékeré méjì tó ní ṣóńṣó (èyí tí wọ́n fi ń tu irun ojú náà ṣiṣẹ́)
- sísọ́ọ̀sì kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú
- abẹ́rẹ́ ìránṣọ mẹ́rin. Ẹ fi méjì há ẹnu igi pẹlẹbẹ kó lè ní èèkù
- abọ́ funfun tí kò jìn, ègé fọ́ọ̀mù tó wọ inú rẹ̀, àti omi
- páálí, gọ́ọ̀mù, bírò
- awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Kámẹ́rà fóònù náà tó, ẹ kàn sún àwòrán mọ́ra
- ìbọ̀wọ́ rọ́bà
- ìgò kékeré àti spírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì

Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yún tàbí tí ètè rẹ̀ máa ń wú tó bá jẹ edé kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, kódà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Kó máa kọ àkọsílẹ̀, kí ẹlòmíì máa tú. Ìyókù yín, ẹ ṣọ́ra fún idà orí edé, ó máa ń gún ni. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án lẹ́bàá fèrèsé. NEPA kì í sọ tẹ́lẹ̀, tọ́ọ̀ṣì fóònù sì máa ń dán sójú omi débi pé ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ìpele 1: Ẹ fa ìlà sórí páálí kí ẹ tó fọwọ́ kan edé

Ẹ ya àpótí 19 sórí páálí, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn nìyí:

1 antennule (irùngbọ̀n kúkúrú), 2 antenna (irùngbọ̀n gígùn), 3 mandible (eyín), 4 maxillule àti 5 maxilla (ewé ẹnu), 6 sí 8 maxilliped mẹ́ta (ẹsẹ̀ ẹnu), 9 sí 13 ẹsẹ̀ ìrìn márùn-ún (pereiopod), 14 sí 18 ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ márùn-ún (pleopod), 19 uropod tó wà nídìí ìrù.

Ẹ kọ àwọn tí a kì í kà síbi tó hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí: ojú pẹ̀lú igi tó gbé e dúró, idà orí, ètè òkè, ètè ìsàlẹ̀, àti telson, ìyẹn ṣóńṣó tó wà láàárín ìrù. Ibí ni 21 ti máa ń wá.

Àyẹ̀wò: 5 ti orí, 3 ti ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, 5 ti ìrìn, 5 ti ìlúwẹ̀ẹ́, 1 ti ìrù. Ẹ rò ó pọ̀. Tí kò bá jẹ́ 19, páálí yín ló ní àṣìṣe, ẹ má tíì dá edé lẹ́bi.

Ìpele 2: Ẹ mọ irú edé tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ fi edé dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orí rẹ̀ kọjú sí ọwọ́ òsì yín, kí apá òsì rẹ̀ wà lókè. Apá òsì yìí nìkan la óò tú. Apá ọ̀tún ni owó ìpamọ́ wa: ohunkóhun tó bá ya lápá òsì, irú rẹ̀ wà lápá ọ̀tún láìyẹ̀.

Irú edé méjì ni ẹ lè bá pàdé. Àkọ́kọ́ ni edé òkun: èyí aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ìwé ń pè ní Penaeus notialis, àti abilà ńlá tí wọ́n ń pè ní tiger prawn, Penaeus monodon. Òkun Íńdíà àti ìwọ̀-oòrùn Òkun Pàsífíìkì ni ilé abilà yìí gan-an, ṣùgbọ́n àwọn apẹja wa ti ń kó o báyìí, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí torí títóbi rẹ̀. Ìkejì ni edé ọ̀sà àti odò, Macrobrachium, tó ní ọwọ́ gígùn méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀ láì wo ọwọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn orí. Lára Macrobrachium, èèpo ẹ̀gbẹ́ kejì fẹ̀, ó gun orí ti kìíní àti ti kẹta. Lára edé òkun, kìíní ló gun kejì, kejì gun kẹta.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ irú edé náà sókè páálí. Ẹ máa nílò rẹ̀ ní ìpele 4, níbi tí ìdáhùn àwọn méjèèjì ti yàtọ̀.

Ìpele 3: Ìrù àti ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ (19 sí 14)

Ẹ tan ìrù sílẹ̀. Ẹ máa rí abẹ̀bẹ̀ márùn-ún: ọ̀kan láàárín, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ti àárín ni telson, ẹ fi sílẹ̀. Méjì tó wà lósì jáde láti ìdí kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ̀yà kan ni wọ́n. Ẹ ti ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ ìdí yẹn, kí ẹ gé e kí abẹ̀bẹ̀ méjèèjì jáde papọ̀. Nọ́ńbà 19 nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: gígé abẹ̀bẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n sí àpótí méjì.

Ẹ dúró níbí kí ẹ wò ó dáadáa, torí pé ohun tó wà lọ́wọ́ yín yìí ni àwòkọ gbogbo ìyókù. Ìdí kan, ẹ̀ka méjì. Ẹ̀ka tó kọjú sí àárín ara ni endopod, èyí tó kọjú síta ni exopod. Ẹ̀yà edé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ lé ètò yìí látòkè délẹ̀. Ohun tó ń yí padà ni pé ẹ̀ka kan lè fẹ̀, ìkejì lè rọ, ọ̀kan tilẹ̀ lè pòórá. Ìdí kì í pòórá, ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé òun ni kí ẹ máa wá.

Ẹ yí edé sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ márùn-ún tò sábẹ́ ara, ọ̀kan fún ègé ara kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó sún mọ́ ìrù (18) bọ̀ wá síwájú. Ẹ fi ẹ̀mú irin di ìdí rẹ̀ mú níbi tó ti wọ ara, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé yíká, kí ẹ wá rọra yọ ọ́. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ óò rí ìdí tó nípọn àti ewé méjì tí irun yí ká.

Nọ́ńbà 14 nìkan ló lè gbé wàhálà wá. Tí edé òkun yín bá jẹ́ akọ, ẹ̀ka inú ti òsì àti ti ọ̀tún ti fi ìkọ́ kéékèèké so mọ́ra láàárín, wọ́n di ohun èlò kan tí akọ fi ń gbé àtọ̀ fún abo. Petasma lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fà á láìmọ̀ yóò ya méjèèjì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ la àárín wọn kí ẹ tó gé ti òsì. Tó bá jẹ́ abo, ẹ̀ka inú nọ́ńbà 14 kéré gan-an. Ẹ má rò pé ẹ ti já a sílẹ̀. Àwo kékeré tí ẹ máa rí láàárín ìdí ẹsẹ̀ ìrìn abo kì í ṣe ẹsẹ̀, ẹ má yọ ọ́. Tí edé Macrobrachium yín bá ru ẹyin sábẹ́ ara, ẹ kọ́kọ́ fi omi àti abẹ́rẹ́ tú ẹyin náà kúrò lára ẹsẹ̀. Edé òkun ní tirẹ̀ kì í ru ẹyin, inú omi ló ń tú u sí.

Àyẹ̀wò: àpótí mẹ́fà ti kún. Ìdí wà lára gbogbo wọn. Ihò mẹ́fà wà lápá òsì edé, ó kọjú sí ẹsẹ̀ mẹ́fà tó ṣì wà lápá ọ̀tún.

Ìpele 4: Ìgbá orí àti ẹsẹ̀ ìrìn (13 sí 9)

Ìgbá tó bo orí àti àyà edé bo ìdí ẹsẹ̀ náà. Ẹ ti sísọ́ọ̀sì bọ etí ìgbá lápá òsì láti ẹ̀yìn, ẹ gé e lọ sókè títí dé abẹ́ ojú, kí ẹ ká a kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu sísọ́ọ̀sì wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí ẹ rí lábẹ́ rẹ̀, tó rí bí ìyẹ́, ni edé fi ń mí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí ẹsẹ̀, díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ara. Ó lè bá ẹsẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kó jáde, ẹ má kà á mọ́ iye.

Láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, ẹ di coxa mú, ìyẹn ègé kìíní tó kúrú tó wọ ara. Tí ẹ bá di àárín ẹsẹ̀ mú, á já lókè ìdí, ẹ ó sì ní ẹsẹ̀ aláìnídìí. Ẹ gé awọ fẹ́lẹ́ tó yí coxa ká, kí ẹ fà á síta nígbà tí kò bá ní nǹkan tó dì í mú mọ́.

Ẹ ka ègé ara ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìdí lọ: coxa, basis, ischium, merus, carpus, propodus, dactylus. Méje ni. Basis kúrú, òun ni ojú sábà máa ń fò. Níbi ẹ̀mú, ẹ fara balẹ̀, ibẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ìka méjì ló wà lẹ́nu ẹ̀mú, àmọ́ ìka tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ni dactylus. Ìka tí kò lè mira jẹ́ ara propodus tó yọ gọngọ. Nítorí náà ẹsẹ̀ tó ní ẹ̀mú àti èyí tí kò ní, méje méje ni ègé wọn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ti ìka kọ̀ọ̀kan wò: èyí tó bá ní oríkèé yóò mì.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló wà níbí, ẹ má fo ọ̀kankan.

Àkọ́kọ́, ẹ̀mú. Edé òkun ní ẹ̀mú lórí 9, 10 àti 11. 12 àti 13 parí sí ṣóńṣó lásán. Macrobrachium ní ẹ̀mú lórí 9 àti 10 nìkan, 10 ló sì gùn jù. Tí edé òkun yín bá ní ẹ̀mú lórí 12, ẹ ti lẹ ẹsẹ̀ kan sí àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èkejì, ihò ìbímọ, tí mo fọkàn tán ju ẹ̀mú lọ. Ti abo wà lára coxa nọ́ńbà 11. Ti akọ wà lára coxa nọ́ńbà 13. Ẹ fi awò wò ó. Ihò yẹn kì í ṣípò, nítorí náà tí ẹ bá rí i lára ẹsẹ̀ tí ẹ kọ 12 sí, ẹ tún gbogbo ìlà náà tò.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ègé. Ẹsẹ̀ tó bá ní márùn-ún tàbí mẹ́fà ti fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lára edé. Ẹ padà lọ wá a, ó wà níbẹ̀.

Ìpele 5: Ẹnu (8 sí 3)

Ẹ da omi sínú abọ́ kó kàn bo edé. Ẹ fi edé dojú sókè lórí fọ́ọ̀mù, ẹ fi abẹ́rẹ́ kan gún ìrù mọ́lẹ̀, kí ẹ fi òmíràn gún ẹ̀gbẹ́ orí lápá ọ̀tún. Omi ló máa bá yín ya àwọn ewé ẹnu sọ́tọ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ńṣe ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó yọ ohunkóhun, kí ẹ sì máa ya òmíràn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

*Nọ́ńbà 8, maxilliped kẹta.* Ó gùn, ó nírun púpọ̀, ó nà síwájú lábẹ́ ẹnu. Ó jọ ẹsẹ̀ ìrìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kà á mọ́ wọn, tí wọ́n á wá ní ẹsẹ̀ ìrìn mẹ́fà. Kò ní ẹ̀mú, kì í sì í kan ilẹ̀. Ẹ yọ ọ́ bí ẹ ṣe yọ àwọn ẹsẹ̀.

*Nọ́ńbà 7.* Ó kúrú ju 8 lọ, orí rẹ̀ sì ká padà sínú. Ẹ wá ibi tó ti ká yẹn, òun lẹ fi ń dá a mọ̀.

*Nọ́ńbà 6.* Láti ibí lọ, ohun tó jọ ẹsẹ̀ ti tán. Maxilliped kìíní pẹlẹbẹ, ewé ni. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kan gbé etí rẹ̀ sókè, ẹ fi ẹ̀mú irin tẹ̀ lé e lọ sí ìdí. Ẹ má fa ewé náà.

*Nọ́ńbà 5, maxilla.* Èyí ló ń ya jù nínú gbogbo 19. Apá inú rẹ̀ ní ewé kéékèèké tó kọjú sí ẹnu, apá òde rẹ̀ sì jẹ́ awẹ́ ńlá kan tó gùn lọ sẹ́yìn sínú ọ̀nà tóóró lábẹ́ ìgbá, níwájú ibi tí edé fi ń mí. Awẹ́ yìí ni scaphognathite. Nígbà tí edé bá wà láàyè, kì í sinmi: ó ń gbọ́n omi jáde síwájú, kí omi tuntun lè máa gba abẹ́ ìgbá wọlé kó sì kọjá lórí ẹ̀yà ìmí. Nítorí pé ó há sínú ọ̀nà yẹn ló ṣe ń ya nígbà tí wọ́n bá fà á. Ẹ̀yin ti gé ìgbá kúrò ní ìpele 4, nítorí náà ọ̀nà náà ti ṣí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ rọra ti ìdí awẹ́ náà láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú títí gbogbo rẹ̀ yóò fi léfòó, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá gé ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e pẹ̀lú omi lórí ṣíbí, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀mú irin.

*Nọ́ńbà 4, maxillule.* Ó kéré, kò ní awẹ́ òde, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mandible tímọ́tímọ́. Bí ẹ bá rò pé ẹ ò rí i, ó ṣeé ṣe kó ti bá 5 jáde. Ẹ tú 5 wò lábẹ́ awò kí ẹ tó máa wá a lára edé.

*Nọ́ńbà 3, mandible.* Eyín edé nìyí, ó le ju gbogbo ohun tó wà láyìíká rẹ̀ lọ. Ètè òkè bò ó níwájú, ètè ìsàlẹ̀ tó là sí méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ká ètè òkè sókè, ẹ má gé e kà. Iṣan líle kan wọ inú mandible láti inú orí wá. Ẹ ti ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ ẹ̀gbẹ́ ìta kí ẹ gé iṣan náà, kí ẹ wá yí mandible síta. Ẹ óò rí ibi tó fi ń gé nǹkan àti ibi tó fi ń lọ̀ ọ́. Lára edé òkun, ewé kékeré onírun kan, palp, wà lórí rẹ̀. Ẹ má já a.

Àyẹ̀wò: ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ nọ́ńbà 3. Kò gbọdọ̀ gún wọlé. Tó bá rọ̀, ètè lẹ mú. Lẹ́yìn náà ẹ wo ibi tí ẹ ti yọ ọ́: ihò ọ̀fun yẹ kó hàn kedere láàárín, eyín ọ̀tún nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo 5: tí awẹ́ òde kò bá pé, ẹ lọ sí apá ọ̀tún, ẹ gé ìgbá ibẹ̀ náà, kí ẹ tún un ṣe. Kí ẹ kọ "ọ̀tún" sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ lórí páálí. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò rí i pé ó kọjú sí òdìkejì, ó sàn kí ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́.

Ìpele 6: Irùngbọ̀n (2 àti 1)

Èyí rọrùn. Antenna ni ti okùn gígùn tó ju ara edé fúnra rẹ̀ lọ, awẹ́ pẹlẹbẹ líle kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀. Okùn ni ẹ̀ka inú, awẹ́ ni ẹ̀ka òde. Ẹ̀yà kan ni, bíi ti ìrù. Ẹ gé e láti ìdí kí àwọn méjèèjì jáde papọ̀. Ẹ ká okùn náà róbótó sínú àpótí rẹ̀, kó má baà já.

Antennule wà lókè rẹ̀, lábẹ́ ojú gan-an. Lára edé òkun ó ní okùn kúkúrú méjì. Lára Macrobrachium ẹ ó rí mẹ́ta, torí pé ọ̀kan nínú méjèèjì tún là sí méjì. Mẹ́ta yẹn kò sọ ọ́ di ẹ̀yà méjì. Nínú ìdí rẹ̀ ni àpò kékeré kan wà tí edé fi ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, iyanrìn ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní awò tó lágbára lè là á wò.

Àyẹ̀wò: àpótí 19 ti kún. Ojú òsì ṣì wà lórí igi rẹ̀ lára edé.

Ìpele 7: Lílẹ̀ àti pípamọ́

Ẹ fi bébà ìròyìn fa omi ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ líle ṣeé fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ tààrà. Ewé ẹnu máa ń ká tó bá gbẹ, nítorí náà ẹ tẹ́ 4, 5 àti 6 sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì tutù, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara bò wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ fi wọ́n sínú ìgò spírítì pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ. Bírò máa ń ṣí nínú spírítì. Àwọ̀ edé yóò bọ́, ìrísí rẹ̀ ni yóò kù. Ẹ gbé spírítì jìnnà sí àbẹ́là àti jẹnẹrétọ̀. Kí ẹ di ìdọ̀tí sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e síta lọ́jọ́ náà, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ kí onílé wá bá yín sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ akàn ni wọ́n fún yín

Ìlànà kan náà ni, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, àmọ́ iye rẹ̀ yàtọ̀, 19 kọ́ ni kí ẹ máa wá. Akàn ọ̀sà wa, Callinectes amnicola, kò ní uropod rárá. Ìrù rẹ̀ ká sábẹ́ àyà. Ẹ ṣí i: tó bá tóóró, akọ ni, ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ méjì péré ló kù lápá kan. Tó bá fẹ̀, abo ni, ó ní mẹ́rin, òun ló ń gbé ẹyin rẹ̀ sí. Ẹ fi 13 ti iwájú kún un: 15 lápá kan fún akọ, 17 fún abo.

Akàn ààyè kò ṣeé tú. Bí ẹ bá fa ẹsẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò já a sílẹ̀ láti ibi tí a ti dá a fún jíjá, coxa yóò sì kù lára rẹ̀. Ẹ sin ín sínú yìnyín títí kò fi ní mira mọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún rántí pé basis àti ischium akàn ti lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà mẹ́fà ni ègé tí ẹ máa kà lára ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe méje. Ẹsẹ̀ kìíní ni ọwọ́ ńlá tó ní ẹ̀mú, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e fún ìrìn, ìkarùn-ún sì pẹlẹbẹ, òun ló fi ń wẹ̀. Akàn ilẹ̀ kò ní pẹlẹbẹ yìí.

Àyẹ̀wò: tí akọ yín bá fún yín ní 13 tàbí 14, ibi méjì lẹ máa wò. Ẹ tún ìrù ṣí, torí pé ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ kejì ti akọ kéré, ó sì fara pamọ́ sídìí ti kìíní. Lẹ́yìn náà ẹ wo ihò kékeré láàárín ojú méjèèjì: antennule akàn máa ń ká sínú ihò yẹn, àfi kí ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á jáde.